Owó Tẹ̀ Wá Lọ́wọ́, Ó Pé

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lórí àtẹ láàárọ̀ yìí, mò ń yọ òkúta kúrò nínú rẹ̀, nígbà tí fóònù ìyàwó ọmọ mi dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó wò ó, ó ní, "Owó ti wọlé, Màmá." Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là, lẹ́yìn náà ó fajú ro. Ó pe ọkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

"Dádì Fàrúkù, ogún lẹ sọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo rí. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún yòókù dà?"

Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ mi láti Ìbàdàn. Ó ń ṣàlàyé pé òun ra táyà, pé kó má bínú, pé ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìyàwó rẹ̀ pòṣé. Ó ní, "Kò burú. Ẹ ṣáà rántí pé a ò lè se táyà jẹ." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Omi tí mo gbé kaná fún ẹ̀wà kò tíì hó tí wọ́n fi parí ọ̀rọ̀.

Mo gbé àtẹ sílẹ̀, mo lọ wá bírò.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó ṣẹlẹ̀ yẹn kò jọ nǹkan kan lójú yín. Obìnrin béèrè lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ pé èló lẹ fi ránṣẹ́, ọkọ dá a lóhùn, ó tán. Ìyá mi kò rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn títí ó fi kú, nítorí pé kò béèrè rẹ̀ rí. Ìdí tí kò fi lè béèrè ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀, àti ọwọ́ tí mo ní nínú rẹ̀.

Bàbá mi wà ní Àbíjàn. Ní Èjìgbò nígbà náà, gbólóhùn yẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ilé wo ni kò ní ẹni kan ní Àbíjàn? Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó lọ. Ó ń gbé àtẹ kiri níbẹ̀, ó ń ta abẹ́rẹ́, òwú, díńgí àti ìyarun. Lóṣooṣù, ó máa ń kó owó fún Bàbá Lámìdì, ọkùnrin ìlú wa kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa lọ kó máa bọ̀ láàárín ìlú méjèèjì, pẹ̀lú àpò awọ kan tí ìwé àti owó àwọn èèyàn kún inú rẹ̀. Olóòótọ́ ni Bàbá Lámìdì. Kọ́bọ̀ ẹnìkan kò sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Tó bá dé, gbogbo àdúgbò ló ń mọ̀. Yóò gbọn eruku bàtà rẹ̀ mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà, gbà, gbà, yóò sì ké pé, "Ará Àbíjàn kí yín o!" Mi ò tíì gbọ́ ohùn kan tó ń mú àwọn obìnrin sáré jáde báyẹn, tí wọ́n ń so ìró bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ìyàwó tí í gba owó ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ Bàbá Lámìdì. Ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni owó ń lọ. Nínú ilé tiwa, àgbà náà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ńlá. Yóò jókòó sórí awọ àgùntàn rẹ̀, yóò tẹ́ áńkáṣíìfù sílẹ̀ níwájú, yóò ní, "Ẹ pe ìyàwó Múfú wá."

Ìyá mi yóò wọlé, yóò kúnlẹ̀. Èmi náà yóò kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ sórí, nítorí kì í yí padà.

"Náírà mẹ́rìndínlógún ló fi ránṣẹ́. Ọlọ́run yóò máa ràn án lọ́wọ́."

"Àmín, Bàbá."

"Mẹ́rin, tèmi tí mò ń bá a ṣọ́ ilé. Méjì, ti ìyá tó bí i."

Náírà kò tíì pẹ́ rárá nígbà náà, Ìyá Àgbà kò sì gbà á gbọ́. Láti orí ẹní rẹ̀ ní igun yàrá, yóò béèrè pé, "Ṣílè mélòó nìyẹn?" Wọn yóò ní ogún ṣílè ni. Yóò ní, "Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀kan, ti ẹsẹ̀ Lámìdì. Ọ̀kan, ti àpò ilé, páànù ń jò. Mẹ́jọ ni tìrẹ, ìyàwó. Ó pé àbí kò pé?"

"Ó pé, Bàbá. Ẹ ṣeun o. Ẹ ó pẹ́ fún wa."

Gbogbo ọdún tí mo lò nínú ilé yẹn ni wọ́n ń mú náírà kọ̀ọ̀kan fún páànù, gbogbo ọdún náà ni páànù sì ń jò. Ìyá mi yóò kó mẹ́jọ tirẹ̀, yóò tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó dìde.

Náírà mẹ́jọ, ẹnu márùn-ún: ìyá mi, èmi, Kàmórù àbúrò mi, àti àwọn kékeré méjì. Ìyá mi ní gèlè àlòkù kan tí kì í wé mọ́. Etí rẹ̀ ló ń di owó sí, ìdì mẹ́rin. Ìdì kìíní ni ti pákí tí yóò lọ rà ní Ìfẹ̀-Ọ̀dàn. Ó máa ń sọ pé ìdì yẹn ló ń bọ́ àwọn yòókù. Èkejì ni ti epo, iyọ̀, ata àti ẹja. Ẹ̀kẹta ni ti karosíìnì àti ọṣẹ. Ìdì kẹrin ló kéré jù, òun ló sì le jù láti tú, nítorí pé eyín ni ìyá mi fi ń fà á le. Ti ilé-ìwé mi nìyẹn.

Ọṣẹ gígùn kan, òwú ló fi ń gé e sí ọ̀nà mẹ́jọ, yóò sì sá a sóòrùn kó gbẹ, nítorí ọṣẹ tútù tètè ń tán. Àtùpà wa kì í tàn ju ìgbà tí a bá ń jẹun lọ. Télọ̀ kan ń gbé lójúkojú ilé wa, ó ní gáàsì tó ń tàn yòò, abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Ohun gbogbo tí mo kọ́ sórí nígbà náà, ariwo máṣíìnì rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Pákí yẹn, ẹ ò mọ iṣẹ́ tó wà nídìí rẹ̀. Ìyá mi yóò ti kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀, yóò padà dé ní ọ̀sán pẹ̀lú ẹrù tí ọrùn rẹ̀ kò lè yí. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Ọrùn ọwọ́ mi ṣì ní àpá. Ariwo páànù yẹn, fìrì-fìrì-fìrì, láti ilé dé ilé, òun ni ariwo ìrọ̀lẹ́ ìgbà náà. Ẹ̀rọ tó ń dún lẹ́yìn ọjà báyìí ti gbé e mì. Tí a bá yan gààrí tán, èyí tó kúná lọ sọ́jà. Èyí tó kù sórí asẹ́ ni tiwa.

Lọ́jọ́ kan, Kàmórù tú ìdì kejì, ó yọ sísì nínú rẹ̀, kọ́bọ̀ márùn-ún, ó fi ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Ìyá mi kò nà án. Ó kàn sọ fún wa pé sísì yẹn ni ọbẹ̀ ọ̀la. Lọ́jọ́ kejì, a fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ̀kọ. Kàmórù sunkún ju bí wọ́n bá nà án lọ. Ó ti di bàbá àgbà báyìí, kò sì jẹ́ fi gúgúrú sẹ́nu.

Ohun tó mú un burú ni pé ìyàwó ará Àbíjàn kò lè sọ pé òun kò ní. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìyàwó àgbẹ̀ lè ra ẹja láwìn di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni kò ní wò ó lójú. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá ti ń ná ẹja, ẹlẹ́ja yóò fi orúkọ owó Àbíjàn pè é, yóò pariwo kí gbogbo ọjà lè gbọ́.

"Ìyàwó Séfà! Ìwọ náà ń yọ kọ́bọ̀ méjì? Kí ni ká wá ní kí àwa tí ọkọ wa ń rokò ṣe?"

"Ṣe bí ẹ ti ń ṣe," ni ìyá mi máa ń dá a lóhùn, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì san án bó ti wí. Tí a bá kúrò níbẹ̀, kò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní ní girama, Bàbá Ńlá ní kò sí ìdí tí a ó fi máa sanwó fún akọ̀wé mọ́. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń kọ ìwé sí bàbá mi. Inú mi dùn. Nínú yàrá Bàbá Ńlá ni mo ti ń kọ ọ́, lójú gbogbo wọn, wọn yóò máa sọ, èmi yóò máa kọ. Tí mo bá parí, mo ní láti kà á sókè kí wọ́n tó fi àlẹ̀mọ́ dí i. Lẹ́yìn ìkíni àti àdúà, gbólóhùn àkọ́kọ́ kì í yẹ̀: Owó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó pé.

Gbólóhùn yẹn ni rìsíìtì Bàbá Lámìdì. Tí kò bá sí nínú ìwé, wọn yóò ní ó jí nǹkan. Gbogbo ilé tó ní èèyàn ní Àbíjàn ló ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó lẹ́yìn tí Bàbá Lámìdì bá ti yíjú. Bàbá mi mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun yóò mú owó obì níbẹ̀. Kò mọ̀ pé ìdajì ló ń lọ.

Mo bi ìyá mi léèrè lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí àwa méjèèjì ń rin pákí. Mo ní, "Màmá, ṣé kí n kọ iye tó ń kàn wá gan-an sí i?"

Kò dáwọ́ pákí rírin dúró. Ó ní, "Bàbá rẹ kò mọ̀wé. Ta ni yóò kà á fún un? Àárín agbo ilé ni wọ́n ti ń ka ìwé lọ́hùn-ún, gbogbo ọmọ Èjìgbò tó wà níbẹ̀ yóò pé jọ. Ṣé ibẹ̀ lo fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ń jẹ owó ọmọ àbúrò? Kí bàbá rẹ gba ibo jáde? Kọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́."

Mo kọ bí wọ́n ti ń kọ ọ́. Mi ò mọ iye ìgbà tí mo kọ ọ́ mọ́. Ọwọ́ mi dára, mo máa ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ orúkọ bàbá mi.

Nígbà ọdún Iléyá, àwọn ará Àbíjàn máa ń dé, àyàfi bàbá mi, ìlú á kún. Bàtà wọn ń dún, wọ́n ń fi Faransé kí ara wọn ní bọnjúù lójú títì, àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn rí mi níbi tí mo ti ń fọ ìfun àgbò. Àgbò Bàbá Ńlá ni. "Ṣé ìwọ lò ń kọ ìwé sí Múfú?" ló bi mí. "Áà! Tí ìwé rẹ bá dé, kò sẹ́ni tí í lọ síbì kankan. Ọwọ́ bí ìwé ìtẹ̀! Bàbá rẹ á ní kí wọ́n tún ibi tí owó ti pé kà fún òun, kí gbogbo wa lè gbọ́ pé òun ń tọ́jú ilé." Ó fún mi ní sísì. Orí mi wú. Mo gbé e lọ fún ìyá mi, mo sọ ohun tí ọkùnrin náà wí fún un. Ó di sísì náà mọ́ ìdì kẹrin.

Kíláàsì kẹrin ni mo wà nígbà tí ọwọ́ ìyá mi jóná. Ìkòkò gààrí ló yẹ̀ lórí àdògán, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú kó má baà dànù. Gààrí kò dànù. Fún oṣù méjì kò lè yan nǹkan kan, ìdì kìíní kò sì bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Owó ilé-ìwé jẹ́ náírà méjìlá fún sáà kan. Wọ́n pe orúkọ wa ní àpèjọ àárọ̀, wọ́n ní kí àwa tí a ò tíì san máa lọ sílé. Mo kó ìwé mi sínú àpò, mo sì rò pé fún ọ̀sẹ̀ kan ni.

A kọ̀wé sí bàbá mi. Bàbá Ńlá gbà kí a kọ ọ́, ó ní ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kì í ṣe tòun. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ti ń kọ ọ́: ìkíni, àdúà, owó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó pé, lẹ́yìn náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi náírà méjìlá kún un fún owó ilé-ìwé. Mi ò rí ohun tó burú nínú gbólóhùn méjèèjì bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Mi ò kọ nǹkan kan nípa ọwọ́ ìyá mi, nítorí ó ní kí n má dẹ́rù bà á.

Ó ju oṣù kan lọ kí èsì tó dé. Bàtà dún mọ́ òkúta, gbà, gbà. Wọ́n pè wá. Bàbá Ńlá na ìwé náà sí mi, mo kúnlẹ̀, mo kà á sókè.

"Mo rí ìwé yín. Ẹ ní kí n fi owó ilé-ìwé ránṣẹ́. Náírà mẹ́rìndínlógún ni mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, ìwé yín wà lọ́wọ́ mi, gbogbo wọn ló wí pé owó pé. Kí ni ìyàwó mi ń fi mẹ́rìndínlógún ṣe lóṣù tí kò fi lè rí méjìlá nínú oṣù mẹ́ta? Gbogbo agbo ilé ló gbọ́ nígbà tí wọ́n kà á, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ máa gba owó náà sọ́wọ́ yín, kí ẹ máa fún un lójoojúmọ́ bí ó bá ṣe tọ́ lójú yín. Ọmọbìnrin náà ti mọ̀wé tó. Ẹ fi í sẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́."

Mi ò fo ọ̀rọ̀ kan. Èmi ni mo kà á, ohùn mi ni ìyá mi fi gbọ́ ọ.

Bàbá Ńlá ń fa tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó dá a dúró. Mo wò ó, mo ń retí pé yóò sọ̀rọ̀, torí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ló mọ iye tí ìyá mi ń gbà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á.

"Ìyàwó, o gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ wí."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá."

Nígbà tí a dé yàrá wa, ìyá mi fi eyín àti ọwọ́ òsì tú ìdì kẹrin. Náírà kan àti ogójì kọ́bọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó kó o lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Lọ fi ra sísọ́ọ̀sì. Télọ̀ yóò béèrè rẹ̀."

Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ìyá mi ń lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Ńlá, á na ọwọ́ tó ti jóná, á gba kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Tí Bàbá Ńlá bá ṣì ń sùn, á dúró. Gèlè yẹn kò ní ìdì mọ́. Ó fi bo ẹ̀kọ. Èmi ń lọ sọ́dọ̀ télọ̀ ojúkojú, mo wá jókòó sínú ilé tí mo ti ń fi ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kàwé láti ìta. Lóṣooṣù, wọ́n ṣì ń pè mí kí n wá kọ̀wé, mo sì ń kọ ọ́. Owó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó pé.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba ní ilé-ìwé girama ti di ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn kò ní ìdì kankan ń rọ́ lọ síbẹ̀. Èmi ni mo rán aṣọ ilé-ìwé púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn èèyàn ń wí níwájú mi pé ayé àtijọ́ dára, pé àwọn ará ilé ń bá ara wọn jẹun, pé àgbà kan ń bẹ tí gbogbo nǹkan ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Òótọ́ ni pé gbogbo nǹkan ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo máa ń tẹ máṣíìnì mi lọ.

Ìyàwó ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú wò mí ni. "Màmá, kí lẹ̀ ń kọ láti àárọ̀? Ẹ̀wà ti jinná o." Mo ní ìwé ni. Ó ní, "Sí ta ni?" Mo ní kó lọ bu ẹ̀wà.

Ìyá mi kú kí bàbá mi tó dé. Bàbá Ńlá náà ti kú. Bàbá mi padà wá sílé pátápátá ní arúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló sì ń gbé, pẹ̀lú àpótí irin kan tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí i fún mi. Àwọn ìwé mi ló wà nínú rẹ̀, ó fi òwú dì wọ́n, gbogbo wọn pé.

Ó ní, "Wá kà wọ́n fún mi. Ó pẹ́ tí mo gbọ́ wọn."

Mo ka ọ̀kan. Mo ka èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, mo dé ibi gbólóhùn náà, ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo gbé ìwé sílẹ̀.

"Bàbá, kò pé."

"Kí ni kò pé?"

"Owó tí ẹ̀ ń fi ránṣẹ́. Mẹ́jọ ló ń kan ìyá mi. Mẹ́jọ yòókù, àwọn ará ilé ló ń pín in."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti lọ."

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ó dorí rẹ̀ kodò láìmọ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ lé àwọn ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Àwọn ta ló wà nínú yàrá nígbà tí o ń kọ ọ́?"

"Bàbá Ńlá, Ìyá Àgbà, ìyá mi, Bàbá Lámìdì, àti èmi."

"Ta ló lè kà á nínú wọn?"

"Èmi nìkan."

Ó ká ìwé náà, ó dá a padà sínú òwú, ó pa àpótí dé. Kò bínú. Ó wo ojú mi bí ẹni tó fẹ́ bi mí ní ohun kékeré kan.

Ó ní, "Èmi ni mi ò mọ̀wé, ọmọ mi. Ìwọ mọ̀ ọ́n."